Iná Ìdáná Láti Inú Ìgbẹ́ Ẹran àti Èèpo Ẹ̀gẹ́

Ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun tí ẹ ń dà nù lójoojúmọ́, tí ẹlòmíràn nínú yín tún ń sanwó kí wọ́n tó bá a kó o lọ.

Kò sí ìyá kan tó ń fún epo pupa tí yóò da ìhá nù. Bí epo bá ti jáde lára ẹyìn tán, yóò sá ìhá náà sí oòrùn, yóò sì fi dáná sábẹ́ ìkòkò epo lọ́jọ́ mìíràn. Láyé àwọn baba wa, ìhá yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ògùṣọ̀ tí wọ́n ń tàn rìn lóru. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ wa pé a lè fi pàǹtí dáná, ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Ohun tó ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé ohun tútù, ohun tó ti rà tó ń rùn, lè di iná láìjẹ́ pé a sá a gbẹ rárá. Èyí ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe rí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ ti gbówó lórí ohun gbogbo. Kẹrosíìnì tí gbogbo ilé ń lò tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ẹlòmíràn ń fojú wò lásán. Igi ìdáná kò sì sí nítòsí mọ́ bíi ti àtijọ́. Àwọn ìyàwó wa àti àwọn ọmọ ni wọ́n ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i ṣẹ́, àwọn náà ló sì ń fa èéfín rẹ̀ símú ní ilé ìdáná, tí ojú ń ta wọ́n, tí ikọ́ kì í sì í wọ́n lára wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná yìí kan náà ni ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti adìyẹ ń ga bí òkìtì, tí àwọn ará àdúgbò ń lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ baálẹ̀ nítorí òórùn rẹ̀.

BÓ ṢE Ń DI GÁÀSÌ

Nínú ikùn màlúù ni àwọn kòkòrò kan ń gbé tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ni wọ́n ń bá màlúù da koríko. Bí màlúù bá yàgbẹ́, púpọ̀ nínú wọn á bá ìgbẹ́ náà jáde. Àwọn kòkòrò yìí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí wọn, wọn kò lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá po ìgbẹ́ náà mọ́ omi, tí a dà á sínú ohun tí a dé pinpin, tí ibẹ̀ sì móoru, wọn yóò máa jẹ oúnjẹ tó ṣẹ́ kù nínú ìgbẹ́ náà lọ, gáàsì yóò sì máa jáde lára ohun tí wọ́n ń jẹ. Gáàsì yìí ni wọ́n ń pè ní bayogáàsì.

Bí ẹ bá ti fi ọ̀pá tọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àbàtà rí, tí ẹ rí i tí omi ń hó gùdùgùdù sókè, irú gáàsì bẹ́ẹ̀ lẹ rí yẹn. Bí a bá pín bayogáàsì sọ́nà 100, bíi 60 nínú rẹ̀ ni mítéènì, èyí tó ń gba iná. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ni afẹ́fẹ́ tí àwa èèyàn ń mí síta, òun kì í jó. Díẹ̀ bín-ín-tín níbẹ̀ ni èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kò pọ̀, àmọ́ ó burú fún imú, ó sì máa ń jẹ irin. Bí gáàsì náà bá ti jó, òórùn náà kò ní sí mọ́.

Kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò láyé yìí. Ní ọdún 1895, ní ìlú Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gáàsì tó jáde láti inú ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ni wọ́n fi tan àtùpà ojú títì. Ní Íńdíà, ìjọba wọn ti ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ́ ọ sẹ́yìnkùlé láti nǹkan bí ọdún 1962. Ní Ṣáínà, nígbà tó fi máa di ọdún 2015, èyí tí wọ́n ti kọ́ sí àwọn ìletò lé ní 40 mílíọ̀nù. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí pẹ̀lú: púpọ̀ nínú ti Ṣáínà ni wọ́n ti pa tì. Àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ ilé kò sin ẹlẹ́dẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò máa bọ́ ọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Nítòsí wa níbí, ẹni tó bá lè wọkọ̀ dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ yóò rí oko Songhai, tí Fádà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí ilé ń di gáàsì, ohun tó ṣẹ́ kù á di ajílẹ̀ fún oko. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ètò kan láti sọ ìdọ̀tí odò ẹran Bódìjà di gáàsì ìdáná gba ẹ̀bùn SEED ní ọdún 2005, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú àpòlúkù tí wọ́n ń ṣàn dà sínú odò ń ba omi àwọn ará ìsàlẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin alápatà tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín.

MÉLÒÓ NI ẸRAN YÍN?

Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò. Kí ẹ tó pe bíríkìlà, kí ẹ tó ra páìpù kan, ẹ kọ́kọ́ mọ iye ìgbẹ́ tí ẹ ń rí lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbá 200 lítà tí gbogbo wa mọ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ilé tó ní ẹni 6, tí wọ́n ń dáná bíi wákàtí 3 lójúmọ́ lórí sítóòfù olójú kan, nílò gáàsì tó tó àgbá 5 lójoojúmọ́. Kílò kan ìgbẹ́ màlúù tútù yóò mú gáàsì bíi 40 lítà wá. Èyí túmọ̀ sí pé kílò 5 ló ń kún àgbá kan, kílò 25 ló sì ń kún àgbá 5.

Màlúù tí a so mọ́lẹ̀ tọ̀sán tòru ń yà tó kílò 10 lójúmọ́, nítorí náà màlúù 3 ti tó. Bó bá jẹ́ èyí tó ń jẹ̀ lọ lọ́sàn-án tó ń sùn sí ọgbà lálẹ́, ìdajì ìgbẹ́ rẹ̀ ti ṣòfò sójú ọ̀nà. Ẹ ó nílò 5 tàbí 6. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ti dàgbà ń yà bíi kílò 2, tirẹ̀ sì lágbára díẹ̀ ju ti màlúù lọ. 10 tàbí 12 yóò tó. Adìyẹ ẹlẹ́yin nílò láti tó 200, ó sì dára kó jẹ́ èyí tó wà nínú kéèjì, tí ìyẹ̀ pákó kò dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ gbóná púpọ̀. Ẹ fi omi tó pọ̀ là á, bí ẹ bá sì lè fi ìgbẹ́ màlúù lú u, ó sàn. Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn kò burú, kìkì pé ó le bí hóró àgbàdo, ẹ ní láti rẹ ẹ́ mọ́jú kí ẹ sì fọ́ ọ kó tó lè tú. Ẹni tó ní ewúrẹ́ 4 péré, kó fi ìgbẹ́ rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò tíì tó ohun tí à ń kọ́lé gáàsì fún.

Kí ni àgbá 5 yìí jẹ́ lówó? Agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìdajì kílò gáàsì inú sìlíńdà. Bí ẹ bá ro ó pọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó tó sìlíńdà 12.5 kílò kan lóṣù. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan ní àdúgbò yín ṣírò ọdún kan, kí ẹ wá mọ iye tó yẹ kí ẹ ná láti kọ́ ọ.

Táńkì ńkọ́? Kílò 25 ìgbẹ́ tí a fi omi lítà 25 pò á di 50 lítà lójúmọ́. Ìgbẹ́ náà ní láti gbé inú táńkì fún nǹkan bí 40 ọjọ́ kí àwọn kòkòrò tó jẹ ẹ́ tán. Lítà 50 lọ́nà 40 jẹ́ 2,000 lítà. Ẹ fi ààyè gáàsì kún un, táńkì 3,000 lítà ló yẹ ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà yín ní táńkì 500 lítà tó ní yóò máa dáná fún ẹni 6 láràárọ̀, ẹ bi í pé ìgbẹ́ kílò mélòó.

Ẹ tún rántí omi. Níbi tí ẹ bá ti ń ra omi gáròòtù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lítà 25 lójúmọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Omi tí ẹ fi fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ṣeé lò, bí kò bá ti sí ọṣẹ tàbí oògùn apakòkòrò nínú rẹ̀.

Ẹ FI ÀGBÁ KAN DÁN AN WÒ

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ńlá. Ẹ wá àgbá oníke 200 lítà kan tó ní ìdérí tó ń dè gan-an. Ihò mẹ́ta ni ẹ ó lu.

Èkíní wà lórí ìdérí, fún páìpù tó fẹ̀ bí íńṣì 3. Páìpù yìí ni ẹ ó máa da ìgbẹ́ gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ títí tó fi ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kó kan ìsàlẹ̀ àgbá, kí orí rẹ̀ sì yọ síta tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi, gáàsì kò lè gba ibẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ kò sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá, níbi tí ẹ bá pín gíga rẹ̀ sọ́nà 5 tí ẹ ka 4 láti ìsàlẹ̀. Páìpù íńṣì 2 ni ẹ ó fi síbẹ̀, òun ni ìgbẹ́ tó ti jinná yóò máa gbà jáde. Ẹ jọ̀wọ́, inú àgbá níbẹ̀, ẹ fi páìpù tó kọ́ sísàlẹ̀ mọ́ ọn kí ẹnu rẹ̀ lè wà nínú omi. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ gbọọrọ, ibẹ̀ ni gbogbo gáàsì yín yóò gbà lọ, ẹ ó wá máa sọ pé iṣẹ́ náà kò dáa.

Ẹ̀kẹta tún wà lórí ìdérí, ó kéré, rọ́bà tó fẹ̀ bí ìdajì íńṣì ni ẹ ó fi síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀kù tó ṣeé tì. Gáàsì ló ń gba ibẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tó dára lẹ ìdí gbogbo wọn. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹ fi ìfóòfó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò.

Níbi tí gáàsì ń gbé, tíúbù inú táyà katakata dára púpọ̀. Fọganáísà tó mọ iṣẹ́ lè bá yín so rọ́bà mọ́ ọn. Bó bá wú, gáàsì ti wà níbẹ̀; bí ẹ bá fẹ́ dáná, ẹ gbé pákó lé e, kí ẹ gbé òkúta díẹ̀ lé pákó, yóò máa ti gáàsì jáde. Ẹ tún so ìgò omi kan mọ́ ojú ọ̀nà rọ́bà náà níbi tó lọ sílẹ̀ jù, kí ẹnu rọ́bà tó yà sínú ìgò rì sínú omi tó ìbú ìka mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ méjì ni ìgò yìí ń ṣe: omi tí ooru gáàsì bá mú wá á kán síbẹ̀ kò ní dí ọ̀nà, bí gáàsì bá sì pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, á hó gba inú omi jáde dípò kó fa nǹkan ya.

Nísinsìnyí, ẹ po ìgbẹ́ màlúù kílò 80 mọ́ omi lítà 80. Ẹ ṣa òkúta, irun àti igi kúrò. Ẹ dà á sínú àgbá, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á. Ní ilẹ̀ wa tó móoru yìí, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni yóò fi máa mú gáàsì tó ń jó wá. Nígbà òjò tàbí ọyẹ́ yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gáàsì tó bá kọ́kọ́ kún tíúbù, ẹ tú u dànù sí gbangba. Ẹ tún tú ìkejì dànù. Afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú àwọn yẹn, àti èyí tí kì í jó. Ẹni tó bá kánjú tanná sí i ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Ìkẹta ni kí ẹ tàn. Bí iná náà bá ní àwọ̀ búlúù, tí kò ní èéfín, ó ti dé nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà lọ, kílò 2 ìgbẹ́ àti omi lítà 2 ni ẹ ó máa fi bọ́ ọ láràárọ̀. Lítà 4 yóò wọlé, lítà 4 yóò sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbá kan yìí yóò fún yín ní iná bí ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, tó tó fi po ẹ̀kọ àwọn ọmọ tàbí fi se omi tíì. Kò lè se àmàlà gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta bọ́ àgbá kan láì gbàgbé ọjọ́ kan ti mọ bóyá òun lè bọ́ táńkì ńlá.

Sítóòfù gáàsì tí ẹ rà lọ́jà kò ní bá a mu bẹ́ẹ̀. Gáàsì inú sìlíńdà lágbára, ihò tó ń gbà jáde nínú sítóòfù sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Tiwa yìí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ ihò tó fẹ̀ sí i, kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún sítóòfù ṣe bá yín lu ihò náà díẹ̀díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa dín ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kù títí iná yóò fi dúró láìfò. Ẹ má ṣe gbìyànjú láéláé láti rọ gáàsì yìí sínú sìlíńdà.

BÓ BÁ ṢÀÌSÀN

Bí èèyàn ni àgbá yìí rí, inú máa ń run ún. Bí ẹ bá fún un ní oúnjẹ dídùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìrẹsì tó ti kan, ẹ̀bà àjẹkù, èso tó rà, inú rẹ̀ á kan. Gáàsì á dín kù, iná á sì máa kú. Ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ da omi eérú díẹ̀ sí i, kí ẹ wá padà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù tútù. Ní òótọ́, àjẹkù oúnjẹ ń mú gáàsì wá ju ìgbẹ́ lọ ní kílò sí kílò, torí màlúù ti kọ́kọ́ jẹ agbára ara koríko kó tó yà á. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un.

Omi ọṣẹ, Izal, oògùn apakòkòrò, àti ìgbẹ́ ẹran tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ní abẹ́rẹ́ oògùn, ẹ má dà wọ́n síbẹ̀. Ohun tó ń pa kòkòrò kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀. Iyẹ̀rẹ̀pẹ̀, egungun àti ìyẹ́ adìyẹ náà kò wúlò níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọn yóò jókòó sí títí àgbá yóò fi kún fún wọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí ti ń retí rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró tó lè pa ewúrẹ́, omi tí à ń fún lára ẹ̀gẹ́ náà ní in, ibi tó bá ń ṣàn sí ni koríko ti ń kú. Inú rẹ̀ tún máa ń tètè kan. Òun nìkan kò lè ṣe gáàsì tó dúró. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ sì lú u mọ́ ìgbẹ́ ẹran, kí ìgbẹ́ pọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n tèmi nipé kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹran lè jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ ILRI ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo náà, tí a fún omi rẹ̀, tí a sá a tàbí yan án, ó ń di oúnjẹ ẹran gidi. Bíi tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1. Ohun tí ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ lè jẹ ni kí wọ́n jẹ. Ẹ fi ìgbẹ́ wọn ṣe gáàsì. Èyí tó bá ti bàjẹ́ tí ẹran kò lè jẹ ni kí ẹ dà sínú táńkì.

Ìyẹ̀ pákó láti ilé ìlagi, àti èèpo ìrẹsì, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kòkòrò náà kò lè jẹ igi. Ìyẹ̀ pákó gbígbẹ, ẹ kì í mọ́ inú agolo ńlá, kí ẹ fi ìgò sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìgò, ihò tó kù ni iná yóò máa gbà, yóò sì jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó nítorí èéfín.

IPÁ RẸ̀ ÀTI EWU RẸ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi wá nípa iná mànàmáná: òótọ́ ni pé jẹnẹrétọ̀ lè lo gáàsì yìí. Àmọ́ àgbá 5 tí ilé kan ń rí lójúmọ́ kò ní ju wákàtí kan tàbí méjì lọ nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tó ń rùn nínú rẹ̀ yóò sì máa jẹ ẹ́ńjìnnì bí ẹ kò bá gba gáàsì náà kọjá lára irin tó ti dípẹtà kó tó wọlé. Ẹ fi dáná. Iná mànàmáná jẹ́ ti oko tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìyẹ tàbí ti odò ẹran.

Gáàsì yìí lè bú gbàù bó bá dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú yàrá tó sé pa. Ẹ má fi ìṣáná wá ibi tó ń jò. Kí tíúbù má sùn sí ilé ìdáná tàbí yàrá. Ìta, lábẹ́ òjìji, ni ipò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú táńkì tí wọ́n ti lò, ìbáà jẹ́ láti yọ bàtà ọmọ kan tó já sí i. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ gbé ẹni tó ṣubú náà yóò ṣubú tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, ẹ má pè é ní ìdọ̀tí. Gbogbo èròjà tí àgbàdò àti ẹ̀fọ́ ń fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, kò rùn tó ti tẹ́lẹ̀, eṣinṣin kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i ká. Táńkì 3,000 lítà yẹn yóò máa fún yín ní bíi 50 lítà rẹ̀ lójúmọ́. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta àpò ajílẹ̀ òyìnbó, èmi gbà pé ẹlòmíràn nínú yín yóò jèrè lórí èyí ju orí gáàsì lọ. Ìdí ohun ọ̀gbìn ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe orí ewé, pàápàá ẹ̀fọ́ tí a kì í sè.

FÚN ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Mo mọ ìlú kan tí wọ́n kọ́ táńkì ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n fi gáàsì rẹ̀ se tíì fún àwọn àlejò, wọ́n sì ya fọ́tò. Kò pé ọdún kan, koríko ti hù lórí rẹ̀. Táńkì náà kò fọ́, páìpù rẹ̀ kò sì jò. Ọ̀rọ̀ tó pa á ni pé kò sí ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ pé òun ni yóò máa kó ìgbẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà, àwọn alápatà sì ń ta ìgbẹ́ náà fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá ń rò ó láti yáwó ṣe èyí, ìbéèrè tó yẹ kó wà nínú ìwé ìpàdé yín rèé. Ta ló ni ìgbẹ́? Ṣé ó gbà láti máa fún yín, tàbí yóò tà á, lẹ́lòó? Ta ni yóò máa bọ́ táńkì lọ́jọ́ Àìkú, lọ́jọ́ ọdún, lọ́jọ́ tí òkú bá ṣẹlẹ̀ ní ilé rẹ̀, èló sì ni ẹ ó máa fún un? Ilé mélòó ni yóò lo gáàsì náà, mítà mélòó ni ilé kọ̀ọ̀kan sí táńkì? Gáàsì yìí kò fẹ́ràn ọ̀nà jíjìn. Ta ni yóò gba omi ajílẹ̀, ṣé ní ọ̀fẹ́ ni àbí lówó? Bí ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ bá ta gbogbo ẹran rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, kí ni táńkì yóò jẹ ní oṣù Kìn-ín-ní?

Ìwọ̀n ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò kòkó, kí ẹ wọn ìgbẹ́ tí ẹ bá gbá jọ láràárọ̀ fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye ẹran tí ẹ ní. Ẹ wọn omi tí ẹ ń lò bákan náà. Ẹ mú ìwé náà tọ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní agbègbè yín lọ. Láti ara rẹ̀ ni yóò ti lè sọ fún yín bóyá àgbá kan, táńkì kan, tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló yẹ kí ìgbẹ́ náà lọ.